Bí ẹ ṣe lè túmọ̀ ‘chance’ láì fi ibà ta èèyàn lọ́rẹ

Ìwé pélébé kan lórí ibà ni mo ń túmọ̀ fún àwọn abiyamọ. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹni tí kò sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ní ‘chance’ àtikó ibà, èmi kọ ọ́ pé ó ní àǹfààní láti kó ibà. Mo kà á fún Màmá. Wọ́n yọ awò lójú: “Àǹfààní ibà? Kí Olúwa má fún mi nírú ẹ̀ o.”

Mo bá lọ wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Látìn ló ti ṣẹ̀, lára cadere, tí í ṣe kí nǹkan já bọ́. Faransé ayé àtijọ́ sọ ọ́ di cheance, wọ́n ń fi sọ bí dáìsì ṣe bọ́ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1300, ó wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ju dáìsì lúdò kí ẹ wò ó: kó tó dúró, ta ló mọ̀ bóyá sísì ni? Bíbọ́ yẹn kò mọ ire, kò mọ ibi. Àǹfààní ní tiẹ̀ ti gbá ire mọ́ra kó tó délé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ẹni tó bọ́ sí fẹ́ ẹ? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tàbí físà, àǹfààní ni. Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ pa ọ̀rọ̀-orúkọ tì, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe: “ibà lè tètè mú un.” Bí mo ṣe tún un kọ nìyẹn, Màmá sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń pín nẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ iye, ẹ kà á: ojú kan nínú mẹ́fà ni sísì. Bó bá jẹ́ ‘by chance’, a ní ṣèèṣì, a ní kòńgẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àkọsẹ̀bá: ẹsẹ̀ kọ, èèyàn bá nǹkan. Látìn ń já bọ́, àwa ń kọsẹ̀.

Ẹ má sì kàn kọ ‘ṣáǹsì’ kí ẹ lọ sùn. Lẹ́nu kọ̀ndọ́, àyè ìjókòó ni: “Wáǹ ṣáǹsì!”, ó ku ẹnì kan. Àwọn olè fi igbe yẹn kó èrò títí ó fi di orúkọ wọn. Ẹni tó bá ní òun wọ wáǹ ṣáǹsì l'Ékòó, ẹ má kí i kú oríire.