Bí A Ṣe Ń Yẹ Báàkóòdù Wò Kí Páálí Tó Kúrò Níbi Ìdìpọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń di gààrí, èlùbọ́ tàbí epo fún títà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, fóònù ni wọ́n fi ń yẹ báàkóòdù wò: bí fóònù bá ti lè kà á, wọ́n á ní ó ti dára. Ìdánwò yẹn kò tó rárá, nítorí pé kámẹ́rà fóònù ń ya gbogbo àwòrán náà, ó sì lè máa gbìyànjú léraléra títí yóò fi rí i kà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kàṣíà ń lò jẹ́ èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa wo àwọn ìlà náà fìrí bí ọjà ti ń kọjá. Ohun tí a ń wá kì í ṣe bóyá báàkóòdù ṣeé kà lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe bóyá yóò ṣì ṣeé kà lẹ́yìn tí ó bá ti fara gbo páálí, tí eruku sì ti bà á.

Nọ́ńbà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GS1, àjọ tí ń pín nọ́ńbà báàkóòdù, ní Nàìjíríà yóò rí i pé 615 ni nọ́ńbà òun fi bẹ̀rẹ̀. Kí a fi ìyókù wé ìwé ọjà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé báàkóòdù tí a tẹ̀ dáadáa tí ó sì jẹ́ ti gààrí pupa lára ọ̀rá gààrí funfun burú ju èyí tí kò ṣeé kà lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí a fi rúlà wọn ìtóbi rẹ̀. EAN-13, ìyẹn báàkóòdù olónọ́ńbà mẹ́tàlá tí a ń lò lára ọjà títà, tí a kò dín kù fẹ̀ tó mílímítà 37.29, pẹ̀lú ààyè òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì; a lè dín in kù dé ìdá 80 nínú 100, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílímítà 29.8, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó ya lébẹ́ẹ̀lì gé e kúrú kí àwòrán ọjà lè rí ààyè.

Ààyè òfìfo yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ìtóbi kíkún, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ ní mílímítà 3.63 tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ ní 2.31, àmì > kékeré tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìkẹyìn wà níbẹ̀ láti ṣọ́ ààyè ọwọ́ ọ̀tún yìí. Lébẹ́ẹ̀lì lè ti ilé ìtẹ̀wé dé láìlábàwọ́n, kí ẹ̀rọ tí ń tẹ ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ wá tẹ òǹkà kan sórí ààyè náà, tàbí kí ibi tí a ti fi iná lẹ ọ̀rá pọ̀ bọ́ sí orí rẹ̀. Nítorí náà, ara ọjà tí a ti dì tán ni kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe lórí róòlù.

Ní ti àwọ̀, ẹ rántí pé ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀rọ fi ń wò. Ìlà pupa tàbí olómi ọsàn lórí funfun hàn kedere sí ojú wa, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ náà, funfun lórí funfun ni. Dúdú lórí funfun kì í dójú tini. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ èyí tí a ń rí òdìkejì rẹ̀, kí a rọ ọjà sínú ike kí a tó yẹ báàkóòdù rẹ̀ wò.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń fi ooru tẹ̀ ẹ́ ni a ń lò níbi ìdìpọ̀, kí a gbé lébẹ́ẹ̀lì sójú ìmọ́lẹ̀, kí a sì wá ìlà funfun tín-ín-rín tí ó gùn lọ ní ọ̀nà tí lébẹ́ẹ̀lì ń gbà jáde. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lára hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tí ó ń gbóná láti tẹ lébẹ́ẹ̀lì, ó sì lè jẹ́ pé ojú kan lára hẹ́ẹ̀dì ti kú. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a fi ọtí isopropyl nù ún. Bí ìlà náà bá tún jáde ní ojú kan náà, hẹ́ẹ̀dì ni a ó pààrọ̀. Bí àwọn ìlà dúdú bá ń jáde ní ìnàró, ojú tí ó kú lè jẹ ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì ní sí ibi tí ẹ̀rọ lè gbà kà á. Àwọn kan á sáré fi kún ooru kí dúdú lè tàn bò ó, àṣìṣe ńlá sì ni, nítorí pé ooru àpọ̀jù a máa mú kí ìlà wú títí àlàfo àárín wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ẹ wo ihò inú òǹkà 8, bí ó bá ti ń dí, ooru ti pọ̀. Ìlà funfun tí ó dagun ní tirẹ̀ sábà máa ń fi hàn pé ríbọ́ọ̀nù, ìyẹn tẹ́ẹ̀pù tí ó ń gbé yíǹkì, ti ká jọ.

Ẹ̀rọ tí a dìídì ṣe láti díwọ̀n báàkóòdù ni ó ń fúnni ní máàkì, láti 4, tí ó dára jù, dé 0, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé ISO/IEC 15416. Yóò kà á ní ojú mẹ́wàá, ohun tí ó burú jù ní ojú kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ́ máàkì ojú náà, lẹ́yìn náà ni yóò wá ìpíndọ́gba wọn. GS1 kò fẹ́ kí EAN-13 rẹlẹ̀ ju 1.5 lọ, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí a má ṣe gba ohun tí ó kéré sí 2.5 níbi ìdìpọ̀, nítorí ọ̀nà tí ó jìn tí ọjà ṣì máa rìn. Kí a máa fi káàdì tí ó bá a wá tún ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò déédéé.

Ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe ìdánwò ni ìbẹ̀rẹ̀ róòlù tuntun, lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù tàbí yí ooru padà, àti ìparí iṣẹ́. Kí a lẹ lébẹ́ẹ̀lì tí a yẹ̀ wò mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá kùnà, gbogbo páálí tí a dì láti ìgbà tí a ti rí èyí tí ó yege kẹ́yìn ni a ó dá dúró. Bí a bá sì fẹ́ lẹ tuntun lé wọn, kí tuntun bo ti àtijọ́ pátápátá, kí ẹ̀rọ má bàa máa ka èyí tí a ti pa tì.