Bí a ṣe ń ya àwòrán ojú àtẹ fún géèmù ogun gbalasa òfuurufú

Ẹni tó ń wo àtẹ géèmù lórí Steam tàbí itch.io, àwọn ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í jókòó kàwé. Ó ń fa ojú ewé lọ ni, ojú rẹ̀ ń fò láti orí àwòrán kan bọ́ sórí òmíràn, tìrẹ sì lè má fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa fún ọ. Kó tó kọjá, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ohun méjì: irú géèmù tó jẹ́ àti orúkọ rẹ̀. Ohun yòówù tó bá kù, ènì ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o ti ibi ìwọ̀n tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí o tó wá máa lọ sí èyí tó tóbi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá géèmù ṣe ló ń gbé e gba òdì.

Ìwọ̀n ló ṣáájú

Kọ àwọn ìwọ̀n yìí sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Píksẹ́lì, ìyẹn hòró kéékèèké tí àwòrán orí kọ̀ǹpútà fi pọ̀, ni gbogbo wọn, ìbú ló ṣáájú, gíga ló tẹ̀ lé e. Ohun tí Steam ń béèrè nìyí:

- àwòrán òkè ojú ewé géèmù: 920 × 430
- àwòrán kékeré tó ń jáde nígbà tí ènìyàn bá ń wá géèmù: 462 × 174
- àwòrán ńlá ti iwájú ilé ìtajà: 1232 × 706
- àwòrán olóòró: 748 × 896
- àwòrán inú àkójọ ẹni tó ti ra géèmù náà: 600 × 900
- àwòrán gbàràmù tó ń tẹ́ sẹ́yìn nínú àkójọ yẹn: 3840 × 1240

Itch.io kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n fẹ́, 630 × 500 ló dára jù, kò sì gbọdọ̀ kéré sí 315 × 250.

Ìwọ náà rí i pé òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ, òmíràn nàró bí ilẹ̀kùn. Kò sí àwòrán kan tí wàá gé tí yóò bá gbogbo wọn mu. Bí o bá ya èyí tó fẹ̀, tí o wá gé e sí olóòró, imú ọkọ̀ á lọ, ìdajì orúkọ á bá a lọ. Nítorí náà, nínú fáìlì kan ṣoṣo (nínú ètò ìyàwòrán bíi Krita, GIMP, Photoshop, èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ), jẹ́ kí ọkọ̀, ọ̀tá, iná ìbọn, ojú sánmà àti orúkọ wà lórí ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o lè tún wọn tò fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ya ọkọ̀ náà tóbi, kó gùn tó 2500 píksẹ́lì ó kéré tán. Àwòrán ńlá ṣeé dín kù. Èyí tó kéré, bí o bá fẹ̀ ẹ́, wúruwùru ni yóò rí. Bó bá jẹ́ pé oníhòró píksẹ́lì ni géèmù rẹ, tí hòró inú àwòrán rẹ̀ ń hàn ketekete, ìlọ́po odidi nìkan ni kí o fi máa fẹ̀ ẹ́, ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí hòró kan má baà tóbi ju èkejì lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kó gba àwòrán

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nídìí géèmù báyìí ni kí ènìyàn ya àwòrán láti inú ogun tó le jù: ogójì ọ̀tá, ọ̀ọ́dúnrún ọta ìbọn, iná níbi gbogbo. Lójú ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré, ìyẹn wuyì. Ní 462 × 174, eruku ni. Mú ohun kan: ọkọ̀ akọni, tàbí ọ̀gá àwọn ọ̀tá, tàbí ojú awakọ̀. Ojú awakọ̀ kò burú bí géèmù náà bá ní ìtàn nínú. Bí kò bá ní, irọ́ lo ń pa fún oníbàárà, yóò sì béèrè owó rẹ̀ padà.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lo mú, kọ́kọ́ wo òjìji rẹ̀. Kun ọkọ̀ náà dúdú biribiri lórí funfun, kí o dín in kù títí yóò fi fẹ̀ tó 60 píksẹ́lì. Ṣé o ṣì lè dá a mọ̀? Bó bá ti di igun mẹ́ta lásán bí àmì ọfà, ìrísí rẹ̀ kò tíì tó. Na ìyẹ́ rẹ̀ síta, yọ ẹnu ìbọn kan síwájú, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hàn lẹ́yìn, kí apá ọ̀tún àti apá òsì má sì bára wọn dọ́gba jù.

Lẹ́yìn èyí, yí i. Nínú géèmù, òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ la ti ń wo ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìwò yẹn máa ń pa àwòrán ojú àtẹ kú. Jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀, imú rẹ̀ ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó, kó gba ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán tàbí kó tó ìdajì. Fi ọ̀tá kan tóbi gọbọi sẹ́yìn, kí etí àwòrán gé apá kan rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ tóbi ju ọkọ̀ lọ. Ní ti ọta ìbọn, márùn-ún sí méje tó nípọn ti tó, kí gbogbo wọn sì dojú kọ ibì kan náà, torí pé àwọn ni yóò fa ojú òǹwòran lọ síbi tí o fẹ́.

Wàhálà dúdú

Gbalasa òfuurufú dúdú lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ lẹ́jọ́ bí o kò bá yà á dúdú. Ojú ewé Steam fúnra rẹ̀ jẹ́ búlúù tó ṣú dẹ́dẹ́. Àwòrán tí etí rẹ̀ dúdú yóò yọ́ mọ́ ojú ewé náà, ìràwọ̀ mélòó kan ni yóò kù tó ń léfòó. Fi ìkùukùu ìràwọ̀ tàbí ìmọ́lẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì kan kún ẹ̀yìn, kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù wà lẹ́yìn ọkọ̀ gan-an, kí ọkọ̀ sì ṣú níwájú rẹ̀. Yọ gbogbo àwọ̀ kúrò kó ku dúdú àti funfun, kí o tún wò ó: bí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn bá jọra, àwọ̀ kankan kò ní gbà ọ́.

Búlúù pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn ni gbogbo ayé ń lò fún irú géèmù yìí. Lọ sí ibi tí Steam kó àwọn géèmù Shoot 'Em Up, ìyẹn géèmù ìbọn yínyìn, sí, ya fọ́tò ogún àwòrán tó wà níbẹ̀, kí o fi tìrẹ sáàárín wọn. Bó bá di pé o ń wá a, pààrọ̀ àwọ̀. Àwọ̀ àlùkò pẹ̀lú yẹ́lò, tàbí pupa foo lórí àwọ̀ ewé tó ṣá, máa ń dá yàtọ̀.

Bó bá wù ọ́ láti fi fọ́tò ojú sánmà gidi ṣe ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ jù lọ fọ́tò NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò ní ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ lo lógò wọn. Èyí tó bá béèrè pé kí o dárúkọ ẹni tó ni ín, dárúkọ rẹ̀ nínú àkójọ orúkọ inú géèmù. Sì jẹ́ kí fọ́tò náà ṣe bàìbàì díẹ̀, torí pé àwọn ìràwọ̀ tó mú ṣáṣá máa ń bá ọkọ̀ du ojú.

Orúkọ

Lórí àwòrán kékeré, orúkọ ni kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè. Steam tún máa ń dín àwòrán yẹn kù fúnra rẹ̀ sí 184 × 69 àti 120 × 45. Fọ́ńtì (irú lẹ́tà) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ òfuurufú fẹ́ràn, tí A rẹ̀ kò ní igi ní àárín, tí E rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta lásán, yóò rí bí òòyà níbẹ̀. Lo èyí tó nípọn. Bí orúkọ bá gùn, gé e sí ìlà méjì, kí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì tóbi ju èkejì. Ìlà dúdú yí i ká sàn ju ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yòò lọ, torí ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa ń da lẹ́tà pọ̀ mọ́ra. Ka ìwé àṣẹ fọ́ńtì náà pẹ̀lú: ọ̀fẹ́ fún ìlò ilé kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ọjà títà.

Ohun tí wọn kò gbà

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Steam kò gba máàkì àwọn alárìíwísí, orúkọ ẹ̀bùn tàbí ìkéde ẹ̀dínwó lórí àwọn àwòrán yìí. Àwòrán, orúkọ géèmù àti àfikún orúkọ rẹ̀ nìkan ni. Àwòrán 3840 × 1240 kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan lára. Lógò, ìyẹn orúkọ géèmù náà bí o ṣe yà á, ń lọ lọ́tọ̀, nínú fáìlì àwòrán PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Kó ohun pàtàkì inú àwòrán 3840 × 1240 náà sínú 860 × 380 tó wà láàárín, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ máa ń gé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ló bá ọ ya èyíkéyìí nínú wọn, o ní láti sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fún ọ.

Ìdánwò

Fi àwòrán 120 × 45 han ẹni tí kò mọ géèmù náà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí o gbé e pamọ́. Má bi í bóyá ó dára, nítorí yóò ní ó dára kó má baà dùn ọ́. Béèrè pé: irú géèmù wo ni? Kí lorúkọ rẹ̀? Bó bá ní géèmù ìrìn àjò ni, iná ìbọn kò hàn tó. Bó bá ní géèmù ìkọ́lé ni, ọkọ̀ rẹ dúró gbagidi jù. Dà á sí i, kí o fi iná ẹ́ńjìnnì sí i nídìí. Bó bá dá géèmù mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò rántí orúkọ, lẹ́tà ló kéré.

Tó bá ti wà lórí àtẹ, o ṣì lè pààrọ̀ rẹ̀. Steam ń fi iye ìgbà tí àwòrán náà hàn síta àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ hàn ọ́. Yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí o fi ọ̀sẹ̀ méjì ìṣáájú wé ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn, má sì ṣe é lásìkò tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dínwó ńlá, torí pé èrò tó ń rọ́ wọlé nígbà náà yàtọ̀ sí ti ọjọ́ lásán.