Bí a ṣe lè kọ ìtàn iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tó tọ́jú aláìsàn lójú ogun Bọ́mà sílẹ̀

Ní àwọn ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Èbúté Mẹ́ta àti Yábàá, àmì-ẹ̀yẹ ogun Bọ́mà (ìjà Ogun Àgbáyé Kejì ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí) ṣì wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí ẹni tó ni ín ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Dìfíṣọ̀n 81 àti 82, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1943, ní àwọn olùtọ́jú aláìsàn tiwọn, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó fúnra wọn forúkọ sílẹ̀. Níwọ̀n bí àwọn fúnra wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, opó wọn àti àkọ́bí wọn ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ má ṣe fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo bi ìyá àgbà wa pé, “Màmá, ṣé Bàbá sọ fún yín bóyá àwọn pa èèyàn?” Màmá dákẹ́, wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo padà lọ, mo ní, “Màmá, báwo ni Bàbá ṣe máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú jáde. Títí Bàbá fi darúgbó, wọ́n máa ń fa igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le dan-in, nítorí aṣọ tó bá ká jọ lábẹ́ aláìsàn tí kò lè yí ara padà a máa bó o lára.

Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé ọjọ́ náà láti ìdájí: ta ló ń pọn omi, ta ló ń se abẹ àti abẹ́rẹ́, ta ló ń da póò nù, ta ló ń fọ egbò, ta ló ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ní oúnjẹ, ta ló ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sílé. Ẹ bèèrè oògùn ibà mepacrine, tó máa ń sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú. Ẹ bèèrè èdè tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí Hausa ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ohun tí ẹ gbọ́ wé ohun tó ti wà lákọsílẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé, wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1942 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó sì jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1944 ni ìbọn bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Kaladan, àwọn ará abúlé Mùsùlùmí sì fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pa mọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí ọdún tí wọ́n dárúkọ kò bá bára mu, ẹ má ṣe já Màmá nírọ́. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọdún tó wà lákọsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ padà lọ kà á sí wọn létí, ní ohùn jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè tún un ṣe níbi tó bá kù díẹ̀.