Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ẹ̀rọ Yẹ Àwòrán Wò fún IPFS

Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kí ẹ ti gbé àwòrán sórí IPFS (àwọn kọ̀ǹpútà tó so pọ̀ tí wọ́n ń pín fáìlì láàárín ara wọn) ná, kí ẹ tó wá ní kí Amazon Rekognition (ẹ̀rọ Amazon tó ń yẹ ohun tó wà nínú àwòrán wò) wò ó bóyá ìhòòhò tàbí ìwà ipá wà nínú rẹ̀. Bí node yín (kọ̀ǹpútà yín tó wà lórí IPFS) bá ti gba fáìlì náà báyìí, ó ti ń kéde CID rẹ̀ (àdírẹ́sì tí a ṣírò láti inú fáìlì náà fúnra rẹ̀) fún àwọn yòókù, ẹni tó bá sì ti fà á ti ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí àṣẹ tí ẹ lè pa níbi tí ẹ wà tí yóò gba ẹ̀dà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwòrán kọ́kọ́ balẹ̀ sínú bucket S3 (àyè ìtọ́jú fáìlì lọ́dọ̀ Amazon) tí ará ìta ò lè wọ̀. Láti ibẹ̀ ni kí Lambda (iṣẹ́ Amazon tó ń mú kóòdù yín ṣiṣẹ́) ti gbé e fún DetectModerationLabels (àṣẹ Rekognition tó ń wá ohun àìtọ́ nínú àwòrán), ìgbà tó bá yege ni kí ẹ tó gbé e sórí IPFS. Bí dátábéèsì yín bá nílò CID kí àyẹ̀wò tó parí, `ipfs add --only-hash` yóò ṣírò rẹ̀ láìtọ́jú fáìlì náà. Ẹ ṣáà rí i pé ètò kan náà lẹ lò nígbà méjèèjì. Bí ìwọ̀n tí ẹ gé fáìlì sí bá yàtọ̀, tàbí tí ọ̀kan jẹ́ CIDv0 (irú CID ti àtijọ́) tí èkejì jẹ́ CIDv1 (irú tuntun), CID wọn ò ní bára mu, bó tilẹ̀ jẹ́ àwòrán kan náà.

Rekognition ò gba ohun tó ju JPEG àti PNG lọ. Bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ tààrà, kò gbọdọ̀ ju 5 MB lọ. Bó bá jẹ́ inú S3 ló ti ń mú un, 15 MB ni. HEIC ni ọ̀pọ̀ iPhone ń yà, WebP sì kún íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà àṣìṣe InvalidImageFormatException (pé irú fáìlì náà kò bá a mu) ò ní pẹ́ yọjú. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí: bí àwòrán bá mọ́, òfìfo ni àtòjọ ModerationLabels (ohun àìtọ́ tí ẹ̀rọ rí) máa ń dé. Ẹni tó bá wá kọ `except` (apá kóòdù tó ń gba àṣìṣe mú) tó ń dá àtòjọ òfìfo padà, kí Lambda má baà dákú, ti sọ gbogbo fáìlì tí ẹ̀rọ ò rí kà di èyí tó mọ́. Àwọn oníbàjẹ́ ò ní pẹ́ mọ ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Èsì mẹ́ta ni kí kóòdù yín mọ̀: ó mọ́, kò mọ́, a ò tíì mọ̀. Èyí tí a ò tíì mọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú bucket.

Bí ẹ bá sọ HEIC di JPEG kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, JPEG yẹn ni kí ẹ gbé jáde, kì í ṣe fáìlì àkọ́kọ́. Ní ti GIF tó ń rìn, ẹ yọ férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀) láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, kí ẹ sì yẹ wọ́n wò.

Bó bá jẹ́ pé CID lásán ni èèyàn mú wá, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni Lambda ń dúró bí ẹ ò bá yí i, wíwá fáìlì lórí IPFS sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ sọ ọ́ di 60, kí visibility timeout SQS (àkókò tí SQS, ìlà iṣẹ́ Amazon, fi ń fi iṣẹ́ tí Lambda ti mú pamọ́) sì tó ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà yóò máa padà wá, ẹ ó sì máa sanwó rẹ̀ léraléra. Ẹ wò bóyá fọ́ldà ni CID náà, kí ẹ sì yẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Ẹ má fọwọ́ sí orúkọ IPNS (orúkọ tó ń tọ́ka sí CID) láé: ẹni tó ni ín lè darí rẹ̀ sí àwòrán mìíràn lọ́la.

Ẹ má fi CID nìkan ṣe àkójọ èèwọ̀. Ẹni tó bá yí píkísẹ́lì kan ṣoṣo padà ti gba CID tuntun. Ẹ fi PDQ kún un, ọ̀nà tó ń fún àwòrán tó jọra ní àmì tó jọra, èyí tí Facebook ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní 2019. Àmì oní-bit 256 ló ń fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ láàárín méjì ò bá ju bit 31 lọ, ẹ kà wọ́n sí ọ̀kan náà.

MinConfidence (ìdánilójú tó kéré jù tí Rekognition fi ń sọ ohun tó rí) jẹ́ 50 bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan. Ìdánilójú ẹ̀rọ ni nọ́ńbà yẹn, kò sọ bí àwòrán ṣe burú tó. Ẹ fi àwòrán àwọn oníbàárà yín gan-an dán an wò: ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹran tí wọ́n dúńbú lọ́jọ́ Iléyá. Èyí tí ìdánilójú rẹ̀ bá wà láàárín, kí èèyàn wò ó. Ṣùgbọ́n àwòrán tó bá jọ ti ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ìlà àwọn tí èèyàn máa wò. Níní in lórí kọ̀ǹpútà lásán ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ abala 23 òfin Cybercrimes Act 2015 ti Nàìjíríà. Ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn agbófinró létí.

Bí àwòrán burúkú kan bá ti já wọlé sórí IPFS, `ipfs pin rm` (tó ń tú fáìlì sílẹ̀) nìkan ò pa á rẹ́. Ẹ tẹ `ipfs repo gc` (tó ń kó ohun tí a tú sílẹ̀ dànù) tẹ̀ lé e, kí ẹ sì kọ `/ipfs/` pẹ̀lú CID náà sínú fáìlì tó parí pẹ̀lú `.deny` nínú `~/.config/ipfs/denylists/`, èyí tí Kubo (ètò tó ń mú node IPFS ṣiṣẹ́) láti 0.24 lọ sókè ń kà. Ìkéde rẹ̀ nínú DHT (àkọsílẹ̀ àjùmọ̀lò tó ń sọ node tó ní fáìlì) ṣì lè wà fún wákàtí 48. Bí CloudFront (iṣẹ́ Amazon tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì láti pín in kíákíá) bá wà níwájú gateway yín (ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà wo IPFS nínú browser), ẹ ṣe invalidation (pípa ẹ̀dà náà rẹ́) níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí `immutable` (kò ní yí padà) ni gateway máa ń kọ sórí ohun tó bá wà lábẹ́ `/ipfs/`, CloudFront lè máa pín àwòrán náà lọ lẹ́yìn tí node yín ti pa á rẹ́.