Bí Ráótà Bá Ń Kú Tó Tún Ń Jí

Bí ráótà ilé yín ní Ṣùúrùlérè, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, bá ń kú tó tún ń jí nígbà tí fáànù ṣì ń yí, ẹ má tètè dá iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín lẹ́bi. Ẹ fi ìka méjì mú ẹnu wáyà ṣájà tó wọ inú rẹ̀, kí ẹ rọra mì ín. Bí iná ara ráótà bá ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni àrùn wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé ẹnu ṣájà tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.5 yóò wọ ráótà tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 2.1, ṣùgbọ́n kò ní dì í mú, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ ra ṣájà mìíràn ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ gbé ráótà náà dání. Fóòtì ṣájà náà, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tí wọ́n fi lẹ́tà V kọ, gbọ́dọ̀ bá èyí tí a kọ sí ìdí ráótà mu gẹ́lẹ́. Áńpù rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè pèsè, tí wọ́n fi lẹ́tà A kọ, lè ju ti ráótà lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù de ẹnu ṣájà tí kò dì mú, nítorí ibi tí iná kò ti kàn dáadáa a máa gbóná.