Bẹ́ ẹ ṣe máa fi àáké àtijọ́ wó igi lóko, kẹ́ ẹ sì gé e ní ìtì-ìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko lágbègbè Àkúrẹ́, lọ́nà Ọ̀dà, Ìjù, Ìta Ògbólú títí dé Ìdánrè, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní tíìkì mélòó kan tó ti tó gé, tàbí ayùnrẹ́ tó ń ṣíji bo kòkó ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ pe oníṣéènsọ́ọ̀ tó máa gba owó iṣẹ́, gba owó pẹtiróòlù, kó tún wó igi lé kòkó yín lórí. Àáké ń bẹ nílé jàre. Ẹ wo orí àjà ilé ìdáná ìyá àgbà, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ àwọn páànù, èyí tí bàbá ń lò nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti dípẹtà ni, ikán sì ti jẹ èèkù ẹ̀. Tí kò bá sí nílé, ẹ lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri kí wọ́n tó kó o lọ yọ́.

Oríṣi méjì lẹ máa rí. Ti alágbẹ̀dẹ wa ní ìrù tó ṣóńṣó, ìrù yẹn ni wọ́n ń gbá wọnú orí igi tó nípọn, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń ṣá igi ló túbọ̀ ń wọlé, kì í yọ bọ̀rọ̀. Ti òyìnbó ló ní ihò lórí tí wọ́n ń ki èèkù bọ̀. Èmi fẹ́ràn ti alágbẹ̀dẹ fún igi ìdáná, torí ó fúyẹ́, àmọ́ fún wíwó igi, ti òyìnbó ni, torí ìwúwo ẹ̀ wà lẹ́yìn, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ lè rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é níbẹ̀: Elwell, ìyẹn wá láti Wednesbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Brades, ìyẹn ti Oldbury. Bẹ́ ẹ bá rí àmì ọfà kékeré kan tó nà sókè, ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà kan. Ẹ má torí orúkọ san owó gọbọi o. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni bóyá ihò ẹ̀ ò sán, bóyá ẹ̀yìn ẹ̀ ò ti fọ́ torí wọ́n ń fi ṣe òòlù, àti bóyá irin ṣì kù níwájú, torí àáké tí wọ́n ti pọ́n pọ́n tí ẹnu ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ihò, ìyẹn ti parí iṣẹ́ tiẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn wa ń ṣe tó máa ń bí mi nínú. Tí èèkù bá dá sínú ihò, wọ́n á ju orí àáké sínú iná kí igi tó kù jóná kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iná yẹn á pa líle irin, tí ẹ bá wá pọ́n ọn tán, ìṣá díẹ̀ báyìí ó ti kú. Ẹ fi dírìlì lu igi tó kù yẹn, kẹ́ ẹ fi irin gbá a jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti jó o rí, ẹ fi fáìlì fà á lẹ́nu: irin tó dáa á jẹ́ kí fáìlì mú un díẹ̀díẹ̀, èyí tó ti jóná á rọ̀, fáìlì á kàn máa wọ inú ẹ̀ wọ̀ọ̀.

Èèkù ńkọ́? Igi gúáfà dáa, igi ọsàn náà dáa. Ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òrùlé fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ má fi sóòrùn kó má bàa sán. Tútù ò dáa rárá, ó máa sún kì, orí àáké á sì máa mì. Gígùn ẹ̀, ínṣì 28 sí 32 ti tó fún àáké tó wúwo tó kílò kan àbọ̀ sí kílò méjì dín díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo ìdí èèkù, àwọn ìlà ara igi náà gbọ́dọ̀ máa lọ láti ẹnu àáké sí ẹ̀yìn ẹ̀, tí wọ́n bá dábùú, èèkù yẹn á ṣẹ́ lọ́jọ́ tí kò yẹ kó ṣẹ́. Ẹ fi ayùn là á lórí díẹ̀, ẹ tì í wọnú ihò títí á fi le, ẹ wá gbá igi pẹlẹbẹ kan tó gbẹ dáadáa wọ ojú ibi tẹ́ ẹ là yẹn kó fẹ̀ sínú ihò. Èyí tí wọ́n ń rẹ àáké sínú omi mọ́jú kó lè wú, ẹ̀tàn ni, lónìí ó le, tó bá gbẹ tán lọ́la á mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí àáké tó bá sì fò yọ lọ́wọ́ èèyàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Pípọ́n ẹ̀ wá ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ má gbé e lọ bá wẹ́dà pé kó fi gíráńdà pọ́n ọn, ibi tó bá ti di búlúù yẹn ti rọ̀, ẹ ò lè dá a padà mọ́. Ẹ di àáké mọ́ nǹkan kó má mì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ti fáìlì láti ibi ẹnu lọ sẹ́yìn tàbí kẹ́ ẹ tì í kọjú sí ẹnu, èyí kejì yá jù àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é láìwọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ṣe apá méjèèjì bákan náà, kí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ yọ bòǹbò díẹ̀, kó má tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ àti omi yí i po yí i po títí tí ojú fáìlì á fi parẹ́. Tó bá ti lè gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láì fà á ya, ó ti tó. Fún òmọ̀, arère, àràbà tó rọ̀, ẹnu tó tín-ín-rín ló dáa, àmọ́ fún ayin àti apá, ẹ jẹ́ kó nípọn díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kán ni. Ìrókò, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù olúwéré ń bà mí o, òkúta inú ẹ̀ ni, torí ìrókò máa ń ní ibi tó ti dì bí òkúta gidi nínú, àáké tẹ́ ẹ pọ́n láti àárọ̀ á kàn án lẹ́ẹ̀kan, eyín ẹ̀ á yọ.

Ẹ̀wẹ̀, ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà, gbogbo àwọn tí à ń pè ní gẹdú yìí, bó wà nínú oko yín gan-an, ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn fọ́rẹ́sìrì léèrè. Inú rísáàfù ìjọba, bíi ti Àkúrẹ́ tàbí Olúwa, ẹ ò gbọdọ̀ gbé àáké wọ ibẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ. Tíìkì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbìn lẹ́yìnkùlé ni mo ń sọ.

Ó kàn wíwó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ṣe é, láti bíi December lọ, tíìkì ti wọ́wé nígbà yẹn, orí ẹ̀ fúyẹ́, ilẹ̀ sì le. Ẹ má dúró di March tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò á ti máa jà. Àárọ̀ ló dáa, kí atẹ́gùn tó dìde. Ẹ má dá nìkan lọ.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ dúró jìnnà, ẹ yí igi náà ká, ẹ wo ibi tó fì sí àti apá tí ẹ̀ka ẹ̀ pọ̀ sí, ibẹ̀ ló ń wù ú lọ, ẹ má bá a jà tó bá fì gan-an. Igi tó fì púpọ̀púpọ̀ lè là láti ìdí lọ sókè kó tó ṣubú, kó ta sí ẹni tó ń gé e láyà, ẹ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbójú sókè: ṣé ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí ẹ̀? Gbogbo ìṣá yín ló ń mì í, ó lè já lé yín lórí. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń fi àáké wó igi tó ti kú tó ṣì dúró. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké gbá ìdí ẹ̀, ẹ tẹ́tí, tó bá ń dún bí ìlù, ihò ń bẹ nínú, ó sì lè jẹ́ oyin ló wà níbẹ̀. Nínú igbó tiwa níbí, ìtàkùn lọ̀tá jù. Ìtàkùn kan ṣoṣo lè so igi mẹ́ta pọ̀ lókè, ẹ wó ọ̀kan, ó fa ẹ̀ka èkejì já lé yín. Ẹ gé gbogbo ìtàkùn ara ẹ̀ kúrò ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n ti gbẹ.

Ẹ fi àdá ṣán ìdí igi náà yíká títí dé ibi tí ọwọ́ yín pẹ̀lú àáké lè dé, lókè náà o, kì í ṣe nílẹ̀ nìkan, torí ẹ̀ka kékeré tí àáké bá kọ́ lára ló ń darí ẹ̀ sí ojúgun èèyàn. Ẹ wọ bọ́ọ̀tù, ẹ wo inú ewé fún paramọ́lẹ̀. Ẹ tún ṣán ọ̀nà méjì tẹ́ ẹ máa gbà sá, lẹ́yìn ní ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì, kì í ṣe ẹ̀yìn gangan, torí ìdí igi máa ń ta sẹ́yìn nígbà míì. Kí ẹnikẹ́ni míì jìnnà tó ìlọ́po méjì gígùn igi náà.

Ẹ kọ́kọ́ gé ẹnu sára igi náà ní apá tẹ́ ẹ fẹ́ kó wó sí. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ yín ò kúrò ní ìdí èèkù, ọwọ́ òkè ló ń yọ́ wálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣá a. Ẹ má fi agbára gbé e. Ẹ gbé àáké sókè, ẹ jẹ́ kí ìwúwo ẹ̀ bọ́, ojú yín á wà ní ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó bà. Ẹ dá a gẹ̀rẹ́, ẹ má ṣá a ní ìbú tààrà, àáké á kàn ta padà. Ẹ ṣá ti òkè, ẹ ṣá ti ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ́rún á fò jáde, ẹ̀ẹ́rún ńláńlá ló ń fi hàn pé ẹ ń ṣe é dáadáa, tó bá ń jáde wẹ́wẹ́ bíi gààrí, ẹ padà lọ pọ́n àáké. Tó bá há, ẹ tẹ èèkù sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tún gbé e sókè, ẹ má yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tí ẹnu yẹn bá ti wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà, ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ gé ẹnu kejì ní òdìkejì, kó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ bí ínṣì méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa gé e bọ̀, àmọ́ ẹ má gé e pàdé. Igi tó kù láàárín, bí ínṣì kan àbọ̀ fún igi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan, òun ni àgbékọ́ tó ń darí ẹ̀ bó ṣe ń wó, bí ilẹ̀kùn ṣe ń tẹ̀lé àgbékọ́ ẹ̀ náà ni. Tẹ́ ẹ bá gé e já, igi ń lọ síbi tó wù ú. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ “kẹ́ẹ́”, ẹ pariwo “igi ń bọ̀ o!”, ẹ fi ẹnu yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gba ọ̀nà tẹ́ ẹ ṣán lọ, ẹ má dúró wò ó. Tó bá wá kọ́ sórí igi míì, ẹ má gun un, ẹ má wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ má sì gé igi tó gbé e dúró, ẹ wá okùn tó gùn, kẹ́ ẹ fa ìdí ẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹ̀ka ẹ̀ nísinsìnyí. Ìdí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí orí, kí ìtì igi wà láàárín ẹ̀yin àti ẹ̀ka tẹ́ ẹ ń gé, tí àáké bá yọ̀, igi ló máa bà. Ẹ ṣọ́ra fún igi kékeré tó tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tú u sílẹ̀ á na èèyàn. Tó bá jẹ́ igi méjì ló wó lu ara wọn, tòkè la ń kọ́kọ́ gbé, bí àwọn àgbà ṣe wí náà ni.

Gígé e ní ìtì-ìtì ló ń yọ èèyàn lẹ́mìí, torí pé ẹnu tóóró ni wọ́n ń gé. Ẹnu tẹ́ ẹ máa gé gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bí igi náà ṣe fẹ̀, tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ sàmì sí ẹsẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá mú un tóóró, àáké á dé àárín, kò ní rí àyè mọ́, ẹ á kàn máa lu ògiri. Tí igi náà bá nípọn, ẹ dúró lórí ẹ̀, ẹ la ẹsẹ̀ gbagada, ẹ ṣá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Tó bá dé àárín, ẹ yíjú padà, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kejì títí wọ́n á fi pàdé. Tí èyí bá ń bà yín lẹ́rù, tàbí tí èèpo igi ń yọ̀, ẹ dúró sílẹ̀, ẹ fi igi míì sábẹ́ ẹ̀ kí ẹnu àáké má bàa kan òkúta. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíi ti ọ̀nà Ìdánrè, apá òkè ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan há ìtì náà kó má yí lu èèyàn.

Èyí tẹ́ ẹ máa tà fún àwọn tó ń yan gààrí tàbí àwọn oníbúrẹ́dì, ẹ bi wọ́n ní gígùn tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ tó gé e, kẹ́ ẹ là á nígbà tó ṣì tútù, ó rọrùn jù. Ẹ má tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ikán.

Kùkùté tíìkì àti ti mẹ̀línà, ẹ má dáná sí i o. Ẹ gé e kó sún mọ́lẹ̀, kí ojú ẹ̀ dá gẹ̀rẹ́ kí omi òjò má dúró lé e, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ á hu ọmọ rẹpẹtẹ. Ẹ dúró títí wọ́n á fi tó orúnkún, ẹ fi ẹyọ kan tàbí méjì tó nà tààrà jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ gé ìyókù dànù.