Wíwá Àkọsílẹ̀ Ilẹ̀ Láàárín Ìwé Ìdílé ní New York

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé New York láti kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, tó sì ń wá àkọsílẹ̀ ilẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ọ́fíìsì ìjọba ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Kò burú, ṣùgbọ́n nígbà náà òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń tọ́jú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sílé, tí yóò fi wà láàárín lẹ́tà ìyàwó àti ọmọ.

Àpẹẹrẹ ni Cadwallader Colden, tó di ọ̀gá àgbà awọnlẹ̀ New York ní 1720, tó sì di igbákejì gómìnà ní 1761. Àwọn ìwé rẹ̀ wà ní New-York Historical Society ní Manhattan, tó ń jẹ́ The New York Historical láti 2024. Ẹgbẹ́ náà ti tẹ púpọ̀ lára wọn jáde. Ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó béèrè fún èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ.

Orúkọ ẹni tó ni ìwé ni wọ́n fi ń tò ó, nítorí náà ẹ wá ìwé atọ́ka àkójọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ nọ́ńbà àpótí àti fáìlì sílẹ̀, kí ẹ sì gba ọjọ́ ṣáájú. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Bírò àti báàgì kì í wọ yàrá ìkàwé. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà ló máa ń da àlejò láàmú jù. Kí 1752 tó dé, 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà oṣù Kejì tí wọ́n kọ 1720/21 sí fi jẹ́ ti 1721 lójú tiwa. Ní ti ìwọ̀n ilẹ̀, ṣéènì tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66, 80 irú rẹ̀ ló sì di máìlì kan. Ààlà lè jẹ́ igi tí wọ́n fi àáké ṣá lámì. Colden fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 1732 láti ṣàròyé nípa àwọn ilẹ̀ ńláńlá tí ààlà wọn kò yé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan lára wa máa ń sọ pé irú ìwé báyìí kò kan aláwọ̀ dúdú. Irọ́ ni. Nínú lẹ́tà 1717 kan, Colden ń fi ẹrúbìnrin kan àti ọmọ kan ránṣẹ́ sí Barbados láti tà, ó sì dá àwọn ọmọ obìnrin náà yòókù dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Orúkọ ẹrú kì í sábà hàn nínú ìwé atọ́ka, nítorí náà inú lẹ́tà òwò, ìwé ìṣirò owó àti ìwé ìhágún ni kí ẹ ti wá wọn.